Ẹja olórí gíláàsì: ara ti tán, ó ku ojú

Ara ère Macropinna tí mò ń mọ, ẹja inú ibú òkun tí orí rẹ̀ mọ́ gaara bíi gíláàsì, ti gbẹ. Ẹja gidi kò gùn ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, àmọ́ ìlọ́po méjì ni mo mọ tèmi, kí ọwọ́ lè ráyè wọ inú orí rẹ̀. Wáyà ni mo fi ṣe egungun, amọ̀ ni mo fi bò ó, mo sì fi ọ̀dà kùn ún ní dúdú. Lẹbẹ rẹ̀ tóbi, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ, torí òun ló ń jẹ́ kó lè dúró sójú kan nínú omi láìmira. Ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni mo gé fún un.

Orí ló gba sùúrù. Láti ọdún 1939 ni Chapman, onímọ̀ nípa ẹja, ti ṣàpèjúwe ẹja yìí, ṣùgbọ́n àwòrán àtijọ́ kò fi ìbòrí tó mọ́ gaara, tómi kún inú rẹ̀, hàn. Ó jọ pé ṣe ló máa ń bàjẹ́ bí àwọ̀n bá ti ń fà á bọ̀ láti ìsàlẹ̀ òkun. Ẹni tó bá ń wo àwòrán wọ̀nyẹn mọ ẹja, ojú á kàn yọ síta gbangba. Mo gbẹ́ igi, mo fi iná rọ ike, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ igi náà títí tó fi tutù. Ó dán! Ihò méjì tó wà lókè ẹnu, tí gbogbo èèyàn ń pè ní ojú, imú ni o.

Ojú gan-an wà nínú ìbòrí náà, ó gùn gbọọrọ bí ìdérí bírò, orí rẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ní mítà 600 sí 800 nísàlẹ̀ Pàsífíìkì, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ló ń ti òkè wá. Àwọ̀ ewé yẹn ń sẹ́ ìmọ́lẹ̀ oòrùn kúrò, kí ẹja lè rí ẹ̀dá tó ń tàn fúnra rẹ̀.

Wọ́n ti rò tẹ́lẹ̀ pé òkè nìkan ló lè máa wò. Ní 2008, Robison àti Reisenbichler, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní MBARI, ibùdó ìwádìí òkun kan ní Kalifọ́níà, fi hàn pé ojú náà ń yí: bí ẹja bá nàró láti jẹun, ojú rẹ̀ kì í kúrò lára oúnjẹ. Ohun tí mo fẹ́ kí tèmi ṣe nìyẹn. Mo fi abẹ́rẹ́ kan gún ojú méjèèjì pọ̀, mo so òjé kékeré mọ́ ìdí wọn. Bí mo bá gbé ẹnu ẹja sókè, òjé á fà wọ́n, wọ́n á ṣì máa wo òkè. Iṣan ló ń ṣe é lára ẹja gidi, àmọ́ ẹni tó ń wò ó á lóye.

Ojú òsì ṣì ń ha ìbòrí. Màá fi sáńpépà dín etí rẹ̀ kù kí n tó fi gọ́ọ̀mù lẹ ìbòrí pa, torí bí mo bá ti lẹ̀ ẹ́, ó parí. Okùn ìwọ̀ àti ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ ni màá fi ṣe siphonophore, ẹ̀dá òkun tó gùn bí okùn, tí wọ́n gbà pé ẹja yìí máa ń jí oúnjẹ lára rẹ̀. Irú rẹ̀ mìíràn ń gùn ju mítà 10 lọ, nítorí náà apá kan rẹ̀ ni màá ṣe.