Ẹ Jẹyán Kí Ẹ Tó Lọ Mu Cigar ní Adó-Èkìtì

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n mú òun dé ibi tí a ti ń mu cigar, ìyẹn ewé tábà tí wọ́n wé, ohun tí mo kọ́kọ́ ń bi í ni pé kí ló jẹ lọ́sàn-án. Tó bá ní òun ò tíì jẹ nǹkan kan, ọ̀dọ̀ oníyán la ó kọ́kọ́ yà sí. Ọ̀rọ̀ eré kọ́. Èròjà nicotine inú cigar ńlá kan pọ̀ ju ti ẹyọ sìgá kan lọ fíìfíì, ẹnu lásán sì ń fà á wọ inú ẹ̀jẹ̀, bí ẹ ò tilẹ̀ gbé èéfín mì. Ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo ni òòyì máa ń kọ́kọ́ kọ́. Mo ti rí ọkùnrin gìrìpá kan, ẹni tó ń gun Òkè Olóṣùnta ní Ìkẹ́rẹ́ láìsinmi, tí òógùn tútù bò lórí àga tìmùtìmù, tó ń wá ibi tí yóò bì sí. A fún un ní mínírà dídùn, a ṣí fèrèsé, a ní kó má tíì dìde. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó wálẹ̀. Iyán òkèlè mẹ́rin ló fi ṣahun.

Kì í ṣe pé Adó kò ní ibi ìgbafẹ́. Láti Fájuyì dé Ọjà Ọba, ilé ọtí ò wọ́n, ẹran sísun ò wọ́n, ẹ̀rọ orin sì ń ké débi pé ọwọ́ lẹ máa fi bá ẹni tó jókòó tì yín sọ̀rọ̀. Ibi tí mò ń sọ yàtọ̀. Yàrá kan ni, lẹ́yìn láúǹjì kan lápá ọ̀nà Ìyìn: àga aláwọ mélòó kan, fáànù tó ń fa èéfín síta, àpótí pákó olójú dígí lára ògiri, orin jẹ́jẹ́ tí kò dí ọ̀rọ̀ lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti fẹ̀yìntì, lọ́yà, agbaṣẹ́ṣe, ọmọ tó ti òkè òkun wá rí ìyá rẹ̀, àwọn lẹ máa bá níbẹ̀. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ Èkìtì kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bọ̀rọ̀, pàápàá tó bá ti kàwé.

Cigar ò ṣeé kánjú mu, ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn. Ìwọ̀n tí wọ́n ń pè ní robusto, tí kò gùn jù, yóò gbà yín tó ìṣẹ́jú 45 sí wákàtí kan. Ẹni tó bá ní ìpàdé ní aago méje, kó má wulẹ̀ tan iná sí i ní aago mẹ́fà ààbọ̀. Ọtí rẹ̀ ni kó mu, kó máa lọ. Ẹ tún wo ẹni tí ẹ máa bá lọ. Ẹni tí kì í gbé fóònù sílẹ̀, tàbí ẹni tó jẹ́ ọ̀rọ̀ owó tẹ́ ẹ jẹ ẹ́ nìkan ló ní lẹ́nu, yóò jẹ́ kí wákàtí yẹn dà bí ọjọ́ kan.

Ẹ béèrè iye owó kí wọ́n tó gé e. Bí ọ̀bẹ bá ti kàn án, tiyín ni.

Nípa ọjà fúnra rẹ̀, ẹ gbàyè fọwọ́ kàn án. Cigar fẹ́ ọ̀rinrin; ìwọ̀n tó bá a lára mu jẹ́ ìdá 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí onípákó cedar tí wọ́n ń pè ní humidor. Ní àsìkò òjò, Èkìtì ò fi bẹ́ẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu. Ìgbà ọyẹ́ ni ìjà ń bẹ. Ètè yín tó ń là yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ewé tábà ń là. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka kan tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀: tó bá rọ̀ díẹ̀ tó tún padà sípò, ó dáa. Tó bá ń dún wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lábẹ́ ìka, ẹ dá a padà, yóò jó kíákíá, yóò gbóná, yóò sì korò. Nínú àpótí náà, aago kékeré kan máa ń wà tó ń fi ìwọ̀n ọ̀rinrin hàn. Ẹ wò ó. Bí wọn ò bá ní in, tàbí tó ti dákẹ́, ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọjà.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin tó ń ta ọjà gbé àpótí kan wá síwájú wa, ó ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ojúlówó Cuba rèé o, Cohiba ni." Cohiba jẹ́ orúkọ cigar Cuba tó lókìkí. Dígí ni ìdérí àpótí náà. Bàbá kan tó jókòó tì mí, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, kò tilẹ̀ na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Ọmọ mi, dojú ẹ̀ délẹ̀ ká rí ìdí ẹ̀." Ọmọ náà dojú ẹ̀ délẹ̀. Ìdí àpótí mọ́ rekete, kò sí àmì kankan. "Ibo ni wọ́n wá kọ Hecho en Cuba sí?" Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó họrí. "Ẹ má bínú, sà. Bí wọ́n ṣe gbé e fún wa náà nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn wúlò. Wọ́n máa ń lu Hecho en Cuba, ìyẹn ni pé Cuba ni wọ́n ti ṣe é, mọ́ ìdí àpótí Cuba, pẹ̀lú Totalmente a mano, ìyẹn ni pé ọwọ́ ni wọ́n fi wé e látòkè délẹ̀. Àpótí Cuba tí ìdérí rẹ̀ jẹ́ dígí ni àmì ayédèrú táwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń kọ́kọ́ wò. Cohiba, tó bẹ̀rẹ̀ ní Cuba ní ọdún 1966, ni wọ́n sì ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù. Ẹ mọ̀ pẹ̀lú pé Cohiba mìíràn wà tí wọ́n ń ṣe ní Dominican Republic. Ìyẹn kì í ṣe ayédèrú, ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ló ni ín. Amẹ́ríkà ló ti ọjà Cuba mọ́ ẹ̀yìn òde ní ọdún 1962. Agbẹnusọ ààrẹ Kennedy, Pierre Salinger, ló sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé ọ̀gá òun ní kí òun ra cigar Cuba ẹgbẹ̀rún kan wá, òun sì rí 1,200, kí ọ̀gá tó fọwọ́ sí ìwé tó ti ọjà Cuba mọ́ ìta náà. Ìjòyè ni Kennedy yẹn, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́.

Ní tèmi, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò Cuba. Kó mú ti Dominican tí àwọ̀ ewé ìta rẹ̀ mọ́ díẹ̀, kó kéré, kó má le. Bó bá fẹ́ gbéra díẹ̀, kó béèrè èyí tí ewé ìta rẹ̀ ti Kamẹrúùnù wá. Ewé aládùúgbò wa yẹn gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó ń wé cigar lágbàáyé. Tábà kúkú kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Àgbẹ̀ Òkè-Ògùn ń gbìn ín, àwọn ìyá àgbà sì fi ìkòkò mu ún kí a tó mọ àga aláwọ.

Orí rẹ̀ tó tẹ̀ roboto ni wọ́n ń gé, fẹ́ẹ́rẹ́ báyìí. Bí wọ́n bá gé e jù, ewé ìta á máa tú lẹ́nu yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìṣáná olóòórùn epo tàn án, òórùn náà ni ẹ máa mu. Oníná gáàsì tàbí ìṣáná ẹlẹ́yọ ló dáa. Ẹ kọ́kọ́ yá ìdí rẹ̀ níná láìfà á, ẹ máa yí i. Lẹ́yìn náà kí ẹ fà á sẹ́nu, ẹ má gbé e mì, ẹ tú èéfín síta. Bíi ẹ̀ẹ̀kan ní ìṣẹ́jú kan tó. Ẹni tó ń fà á léraléra ń sè é ni. Eérú yẹn, ẹ jẹ́ kó gùn díẹ̀. Bó bá di ìdá mẹ́ta ìkẹyìn tó ń gbóná, ẹ gbé e sórí àwo, ẹ má rún un mọ́lẹ̀. Yóò kú fúnra rẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì ní kún yàrá.

Omi tútù ni kẹ́ ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́. Ẹmu ọ̀pẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀, tó ṣì dùn, bá a mu ju bí ẹ ṣe rò lọ. Èyí tó ti kan, ẹ fi sílẹ̀.

Èmi kì í mu ún lójoojúmọ́, n kò sì ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé oògùn ni. Tábà inú cigar ńlá kan lè tó ti páálí sìgá kan. Àìgbé èéfín mì kò sọ pé jẹjẹrẹ ẹnu àti ti ọ̀fun kò lè mú ènìyàn. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, aboyún, ẹni tó ní ikọ́ fée, kí wọ́n má bá wa wọ yàrá yẹn rárá. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 ti ní kí wọ́n má tà á fún un, bó ti wù kó ga tó.

Adó kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ sọ fún ìyàwó yín, tàbí fún ọkọ yín, kí aládùúgbò tó bá yín sọ ọ́. Ẹ má sì wọ léèsì tí ẹ fẹ́ fi lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Òórùn náà kì í tètè kúrò lára aṣọ, ìyá ìjọ sì ní imú. Ẹ pe ọlọ́kadà yín sílẹ̀ kó tó di aago mẹ́sàn-án, nítorí àti rí wọn lápá ibẹ̀ lálẹ́, ọ̀tọ̀ ni wàhálà rẹ̀.