Mẹ́rin sọ́tùn-ún, mẹ́rin sósì: ohun tí mo kọ́ nípa kíkọ́ni ní ànátọ́mì abíyá

Bí ẹ bá kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn 8 yí òkú kan ká, tí ẹ wá ń sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú 40, kíláàsì ńlá lẹ ṣì ń ṣe, ẹ kàn dín èrò kù ni. Ohun tí ẹgbẹ́ kékeré wà fún ni kí ọwọ́ olúkúlùkù kan ara. Abíyá ni mo fẹ́ fi ṣàpẹẹrẹ, nítorí brachial plexus (ìdìpọ̀ iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára àti àṣẹ ọpọlọ láàárín ọrùn àti apá) tó wà níbẹ̀ ti sọ ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ di ẹni tó ń há àkọ́sórí láìmọ ohun tó ń wí.

Abíyá méjì ni òkú ní, ìdí nìyẹn tí 8 fi jẹ́ òpin lójú tèmi. Nínú àwọn mẹ́rin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹnì kan á mú irin, ẹnì kejì á fa awọ àti ẹran sẹ́yìn fún un, ẹnì kẹta á ka ìwé atọ́nà sókè, ẹnì kẹrin á di eegun èjìká àti eegun apá gbígbẹ mú, kó máa fi ibi tí ẹran kọ̀ọ̀kan ti so mọ́ eegun hàn wọ́n. Ní ìṣẹ́jú 20-20, wọ́n á pààrọ̀. Bí ẹ kò bá mójú tó ìyẹn, ẹni tó láyà jù ni yóò mú irin títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Kí ẹ tó wọ yàrá òkú rárá, ẹ jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú òwú ìhunfìlà. Ẹ gé òwú 10, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó 50 cm. Orísun márùn-ún ló wá láti ọrùn àti òkè àyà: C5, C6, C7, C8 (ti ọrùn) àti T1 (àkọ́kọ́ ti àyà). Òwú méjì-méjì ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti C5 á jẹ́ pupa, ti C6 á ní àwọ̀ ewé, àwọn tó kù á jẹ́ funfun. Ẹ tò wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ lẹ orí wọn mọ́ tábìlì. Ẹ so C5 àti C6 pọ̀, ẹ dá C7 sí, ẹ so C8 àti T1 pọ̀: ìtì mẹ́ta nìyẹn. Ẹ la ìtì kọ̀ọ̀kan sí iwájú àti ẹ̀yìn, kí òwú kan láti ara orísun kọ̀ọ̀kan wà níhà méjèèjì. Ó di mẹ́fà. Ẹ so gbogbo ti ẹ̀yìn pọ̀, òwú 5. Ẹ so iwájú ìtì òkè mọ́ iwájú ìtì àárín, òwú 3. Iwájú ìtì ìsàlẹ̀ dá wà, òwú 2. Okùn mẹ́ta ti dé nìyẹn: ti ẹ̀yìn (òwú 5), tòde (òwú 3) àti tinú (òwú 2).

Lára okùn ẹ̀yìn, pupa àti àwọ̀ ewé á yà sọ́tọ̀ di axillary nerve (nerve ni iṣan ìmọ̀lára, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn orúkọ tó tẹ̀ lé e), funfun mẹ́ta tó kù á di radial. Lára okùn tòde, pupa àti àwọ̀ ewé á tún di musculocutaneous. Funfun kan tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ á lọ pàdé ọ̀kan nínú méjì okùn tinú, wọ́n á di median. Èyí tó kù ni ulnar. (Òwú yìí gé òótọ́ kúrú díẹ̀, nítorí radial ń gbà lára C5 àti C6 náà. Ẹ má fi pamọ́ fún wọn.)

Wàyí o, ẹ gé pupa àti àwọ̀ ewé lókè pátápátá, kí ẹ ní kí wọ́n tọ òwú tó ti kú náà dé ìdí. Deltoid, ẹran èjìká, kò lè gbé apá mọ́. Biceps, ẹran iwájú apá, kò lè ká ìgúnpá dáadáa, kò sì lè yí àtẹ́lẹwọ́ sókè. Apá á so rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ á kọjú sẹ́yìn. Ìkókó tí èjìká rẹ̀ há nígbà ìrọbí, tí wọ́n wá fa ọrùn rẹ̀ jù, lẹ ń wò yẹn. Àwọn dókítà a máa fi í wé ọwọ́ ọlọ́pàá tó ń gba owó lẹ́yìn, kò sì sí akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà kan tí ẹ máa ṣàlàyé ìyẹn fún.

Nínú òkú gan-an, èdè ló kọ́kọ́ ń dà wọ́n láàmú. Iṣan ni a ń pe èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀, iṣan ni a ń pe èyí tó ń gbé ìmọ̀lára, iṣan náà ni a ń pe èyí tó so ẹran mọ́ eegun. Ojú kì í sì í ṣèrànwọ́, nítorí formalin, omi ìtọ́jú òkú, ti sọ gbogbo wọn di aláwọ̀ eérú. Ìka ló ń yà wọ́n. Kí wọ́n fi àtàǹpàkò àti ìka kan yí i. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ kúrò lọ́kàn ní ihò nínú, ara rẹ̀ nípọn, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á tún dìde. Èyí tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà fẹ́lẹ́, ó pẹlẹbẹ, ẹ̀jẹ̀ dúdú tó ti dì sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Ti ìmọ̀lára kò ní ihò, ó dì gbagidi bí okùn tí wọ́n lọ́. Èyí tó so mọ́ eegun ń dán, bí ẹ bá sì tọ̀ ọ́, ẹ máa bá ẹran. Èmi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ohun tí kò tíì yí lábẹ́ ìka.

Ẹ na apá náà síta títí á fi tó nǹkan bí 90°, kí ẹ dè é mọ́ pákó. Òkú tó ti gan máa ń fẹ́ padà, ọwọ́ á sì tètè ro ẹni tó bá dì í mú. Abẹ wà fún awọ nìkan. Bí awọ bá ti ṣí tán, ẹ gbà á lọ́wọ́ wọn. Àlùmọ́gàjí onímú roboto ló kù: wọ́n á tì í bọ inú ọ̀rá ní pípadé, wọ́n á ṣí i níbẹ̀, ní ìhà tí iṣan ń tọ̀, kì í ṣe ní ìdábùú.

Ohun tí wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gé ni intercostobrachial, iṣan ìmọ̀lára tín-ín-rín kan tó la àárín ọ̀rá kọjá lọ sí inú apá. Wọ́n á ní ọ̀rá ni. Ẹ fi han wọ́n kí irin tó débẹ̀, kí ẹ sọ fún wọn pé òun ni wọ́n lè gé nígbà tí wọ́n bá ń kó kókó abíyá kúrò fún alárùn jẹjẹrẹ ọmú, tí inú apá obìnrin náà á sì kú tipiri.

Ẹ má wá orísun láti òkè. Ẹ wá coracobrachialis (ẹran kan ní òkè apá), ibi tí musculocutaneous ti gún un wọlé. Ẹ tọ̀ ọ́ padà sókè, á mú yín dé okùn tòde. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ dé median, ẹ gba ẹsẹ̀ kejì median gòkè dé okùn tinú, kí ẹ tún bá ulnar sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́tà M á hàn níwájú òpó ẹ̀jẹ̀ abíyá. Nínú òkú mìíràn, musculocutaneous kò ní gún coracobrachialis, tàbí kó má tilẹ̀ sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà lé e lórí fúngbà díẹ̀ kí ẹ tó dá sí i.

Ìbéèrè "kí lèyí?" kò gba ọpọlọ. "Bí mo bá gé èyí, kí ni ọwọ́ kò ní lè ṣe?" ló ń mú wọn ronú. Bí ẹ bá ti béèrè, ẹ dákẹ́, kí ẹ ka 10 nínú. Ó máa ń ṣòro fún àwa tí a mọ ìdáhùn.

Ìṣẹ́jú 15 tó gbẹ̀yìn ni steeplechase, ìdánwò dídárúkọ ohun tí wọ́n gún ní abẹ́rẹ́ lára òkú: abẹ́rẹ́ 6 tó ní nọ́ńbà lára, ìṣẹ́jú kan-kan. Kí àwọn ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gún ti òsì, kí òsì gún ti ọ̀tún. Ẹni tó ń wá ibi tó máa fi abẹ́rẹ́ sí kọ́ ẹ̀kọ́ ju ẹni tó ń dáhùn lọ.

Fóònù kò gbọdọ̀ wọlé. Púpọ̀ nínú àwọn òkú tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ wa ni kò sí ẹbí tó wá gbà wọ́n, wọn ò sì fún ẹnikẹ́ni láṣẹ àwòrán. Ẹ fi aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi ìtọ́jú òkú bo abíyá náà, nítorí ó lè gbẹ kó tó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀rá àti awọ tí ẹ gé kúrò, inú ike tó ní nọ́ńbà òkú yẹn ni kí wọ́n lọ, kí wọ́n lè sin wọ́n pọ̀ mọ́ ọn.