Ògbufọ̀ Màmá

Ọjọ́ Àìkú, aago mọ́kànlá ti lù

Ọ̀fun mi ti ha. Bíi wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo fi ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sétí ìyá ọkọ mi lónìí, ní gbọ̀ngàn àdúgbò wa ní Peckham níbí, ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ràn sinimá ti ń fi fíìmù àwọn ará Palẹstínì hàn lẹ́ẹ̀kan lóṣù.

Fíríìjì ló fà á. Lóṣù tó kọjá, èmi nìkan ni mo lọ. The Present ni wọ́n fi hàn, fíìmù kúkúrú tí Farah Nabulsi ṣe ní 2020, kò tiẹ̀ tó ìdajì wákàtí. Bàbá kan mú ọmọ rẹ̀ obìnrin dání, ó lọ ra fíríìjì fún ìyàwó rẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àmọ́ sójà Ísírẹ́lì wà lójú ọ̀nà, àtàlọ àtàbọ̀. Nígbà tí mo délé tí mo ń rò ó fún Màmá, wọ́n ní, "Fíríìjì lásán-làsàn? Tí kì í ṣe ìbọn?" Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá tún ń lọ, mi ò gbọdọ̀ fi àwọn sílẹ̀.

Màmá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, Lárúbáwá sì ni wọ́n ń sọ nínú fíìmù, Gẹ̀ẹ́sì ló ń kọjá nísàlẹ̀. Bí mo ṣe di ògbufọ̀ nìyẹn. A lọ jókòó sẹ́yìn pátápátá. Mo gbé ṣíńṣín dání, ó ti tán kí wọ́n tó paná.

5 Broken Cameras ni tòní. Àgbẹ̀ ni Emad Burnat, ní abúlé Bil'in, ní Bèbè Ìwọ̀-Oòrùn Odò Jọ́dánì. Ní 2005 tí wọ́n bí ọmọkùnrin rẹ̀ kẹrin, Gibreel, ó ra kámẹ́rà kó lè máa fi ya ọmọ. Àkókò yẹn náà ni katapílà dé tó ń hú igi ólífì, kí ìjọba Ísírẹ́lì lè fi wáyà gé oko kúrò lára abúlé. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, àwọn ará abúlé á wọ́ lọ síbi wáyà náà, Emad á gbé kámẹ́rà tẹ̀ lé wọn. Agolo tajútajú ba ọ̀kan jẹ́, ọta ìbọn fọ́ òmíràn, títí ó fi pé márùn-ún. Òun àti Guy Davidi, ọmọ Ísírẹ́lì, ni wọ́n jọ darí fíìmù náà.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ le o. Settlers ni Gẹ̀ẹ́sì pe àwọn tí wọ́n ń kọ́lé fún lórí oko yẹn. Mo sáré sọ pé, "Àwọn tó wá tẹ̀dó." Màmá yíjú sí mi nínú òkùnkùn.

"Ìyàwó, ta ní ń tẹ̀dó sínú oko olóko?"

Wọ́n mú mi. Lọ́dọ̀ tiwa, ọdẹ tó wọ igbó kìjikìji, tó kọ́kọ́ dáná síbẹ̀, la máa ń sọ pé ó tẹ ìlú dó. Oríkì ni wọ́n fi ń kí irú wọn. Mo wá ọ̀rọ̀ mìíràn títí, Gẹ̀ẹ́sì sì ti ń kọjá lọ nísàlẹ̀. "Àwọn tó gbalẹ̀" ni mo padà sọ. Wọ́n ní, "Ẹn-hẹ́n. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí igi ólífì ń jó lóru, wọn ò bi mí pé igi kí ni. Màmá ti lọ Jerúsálẹ́mù rí. Wọ́n ní irú igi tí wọ́n ṣọgbà yí ká ní Gẹtisémánì nìyí, tí wọ́n ní àwọn ò gbọdọ̀ já ewé kan lára rẹ̀. Wọ́n tún rántí ògiri gíga kan tí wọ́n rí lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì lọ́nà Bẹ́tílẹ́hẹ́mù. Wọ́n ní àwọn rò pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni.

Ọkùnrin kan wà nínú fíìmù náà, Bassem Abu Rahmah, tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn gan-an. Orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n ń pè é, erin ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní Lárúbáwá. Ní 2009, agolo tajútajú bà á láyà, ó kú. Mo fẹ́ túmọ̀ ohun tí wọ́n ń kọ sísàlẹ̀, Màmá fọwọ́ lé mi lórúnkún pé kí n dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Erin wó."

Ìjíròrò tó tẹ̀ lé e gùn jù, ọkùnrin kan ò jẹ́ kẹ́lòmíràn sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló sọ pé ní 2007 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ísírẹ́lì ti pàṣẹ kí wọ́n sún wáyà Bil'in sẹ́yìn, pé 2011 ni wọ́n tó sún un. Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Màmá ní ọdún mẹ́rin kéré, ẹjọ́ ilẹ̀ bàbá àwọn ṣì wà ní kóòtù láti 1996.

A délé, wọn ò jẹun. Wọ́n mú ìgò òróró ólífì tí wọ́n fi ń gbàdúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n gbé e fún mi, wọ́n ní kí n bá àwọn ka ibi tí wọ́n ti ṣe é. Mo yí i sí iná.

"Spéìn ni, Màmá."

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n gbé e padà sáyè rẹ̀, wọ́n ní kí n paná.