Àníkẹ́ ti lọ Ifẹ̀, èmi ló kù sí Bódìjà

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi láti bí oṣù méjì, ẹrù ni mò ń dì. Àbíkẹ́yìn mi obìnrin ti wọ yunifásítì. Àníkẹ́ ni n ó máa pè é níbí torí oríkì ẹ̀ nìyẹn, kò ní fẹ́ kí n gbé orúkọ ẹ̀ gangan síta, ẹ kúkú mọ àwọn ọmọ ìwòyí. OAU Ifẹ̀ ló lọ, Food Science and Technology ló lọ kà, Sunday ọ̀sẹ̀ tó kọjá lèmi àti dádì ẹ̀ lọ fi í sílẹ̀ tá a sì padà sílé, ilé wá dákẹ́ bíi pé wọ́n mú iná lọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. UI lèmi fẹ́, nọ́ọ̀sì ni mo sì fẹ́ kó kà. UI rèé nílẹ̀, 1948 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, òun ni yunifásítì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, ọmọ ọlọ́mọ ń ti Kano, ń ti Calabar wá síbẹ̀, tí ọ̀nà ò bá há, láti Bódìjà dé géètì wọn ò pé ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wá lọmọ Ìbàdàn ń wá lọ sí Ifẹ̀? Ti nọ́ọ̀sì yẹn, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi tí wọ́n wà ní Kánádà ni wọ́n fi sí mi lágbárí. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti pè lórí WhatsApp, "Ìyàwó wa, jẹ́ kọ́mọ yẹn ṣe nọ́ọ̀sì o, nọ́ọ̀sì kì í pẹ́ jápa." Mo ti ń wo ara mi lọ́kàn ní éapọ́ọ̀tù pẹ̀lú gèlè.

Ṣùgbọ́n ọmọ tí à ń wí yìí ti ń bá mi jókòó ní ìsọ̀ látìgbà tó ti wà ní praimari. Ẹ̀wà, èlùbọ́, gààrí ni mò ń tà, ẹni tó bá sì ń ta ẹ̀wà mọ ọ̀tá ẹ̀, kòkòrò ni. Ìgbà tó wà ní SS1, mo ra ẹ̀wà olóyin àpò méjì pa mọ́ pé tó bá wọ́n tán kí n tó tà á. Ìgbà tá a fi máa tú àpò kìíní, ìdajì ẹ̀ ti di ihò lásán. Ìyá kan tó wà níwájú ìsọ̀ mi ní kí n lọ ra oògùn olómi tí wọ́n fi ń pa aáyán kí n wọ́n ọn sí èyí tó kù, pé ṣebí gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. NAFDAC ti pariwo ọ̀rọ̀ yẹn títí, pé èèyàn lè tibẹ̀ kú, mo sì gbọ́, ṣùgbọ́n owó àpò méjì ń dùn mí, n ò ní parọ́ fún yín, mo rò ó. Àníkẹ́ ò tiẹ̀ dá sí wa. Ó ṣa ẹ̀wà ẹyọ kan tí ò nihò, ó fi èékánná là á sí méjì, ó ní "Mọ́mì, ẹ wò ó." Nǹkan funfun kékeré kan ló ká jọ sínú ẹ̀ bí ìdin. Ó ní inú ló máa ń wà kó tó lu ihò jáde, pé láti oko ni wọ́n ti máa ń yé ẹyin sí i lára, pé tíṣà Agric àwọn ló sọ bẹ́ẹ̀, pé téèyàn bá da ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa sínú nǹkan tí atẹ́gùn ò lè wọ̀, tó kún dẹ́nu, kòkòrò yẹn ò ní rí afẹ́fẹ́ mí, á kú síbẹ̀ láìsí oògùn kankan.

Mo ní ká dán an wò kí n lè sinmi ẹnu ẹ̀. A fọ kẹ́ẹ̀gì òróró tó ṣófo, a sá a sóòrùn fún ọjọ́ méjì, a da ẹ̀wà sí i títí ó fi dé ọrùn, ó fi náílọ́nù dí ẹnu ẹ̀ kó tó dé e, ó lẹ pépà mọ́ ọn, ó kọ déètì sí i. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ò jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Nígbà tá a ṣí i, ẹ̀wà wà bá a ṣe dà á sí. Mo tà á, mo jèrè, ọ̀rọ̀ tán lọ́dọ̀ tèmi. Lọ́dọ̀ tiẹ̀, kò tán.

Ó wá kan JAMB. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá ọmọ yín dé ibi tí wọ́n ti ń fi orúkọ sílẹ̀ o, ẹ má kàn fún un lówó kẹ́ ẹ jókòó sílé. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni, 100 lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ jẹ́ 400, English jẹ́ dandan, àwọn mẹ́ta tó kù ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ọmọ àdúgbò wa kan tó fẹ́ ka Economics gba 270, àṣé Gọ́fúmẹ́ǹtì ló fi sí ibi tó yẹ kó fi Maths sí, ọdún kan lọ báyẹn, ọ̀sẹ̀ kan lọmọ náà ò fi yọjú síta. Ti Àníkẹ́ bá méjèèjì mu, Bàólójì, Kẹ́mísírì, Físíìsì, ó lè fi ṣe nọ́ọ̀sì, ó lè fi ṣe Food Science, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ìjà wa ṣeé jà.

Ọmọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní káfé yẹn ní, "First choice ńkọ́?" Èmi ní UI. Òun ní OAU. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló jáde lẹ́nu àwa méjèèjì. Ọmọ yẹn gbọ́wọ́ kúrò lórí kíbọ́ọ̀dù, ó wò mí, ó wo òun, ó ní "Màámi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ yanjú ẹ̀ níta, èèyàn pọ̀ lórí láìnì." La bá jáde bí ọmọ tí tíṣà lé síta.

Abẹ́ aǹbùrẹ́là oní-POS kan la dúró sí. Mo ti gbẹ́nu lé e, owó ọkọ̀ ni o, ewu ojú ọ̀nà ni o, oúnjẹ ni o, ẹgbẹ́kẹ́gbẹ́ ni o, kò sí èyí tí n ò kà sílẹ̀. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Mọ́mì, tí mo bá wọ UI, ṣé ẹ máa jẹ́ kí n gbé hostel?"

Mo la ẹnu, ọ̀rọ̀ ò jáde. Mo ti ṣètò ẹ̀ lọ́kàn tipẹ́, á máa tilé lọ, á máa tilé bọ̀, Sátidé á wà ní ìsọ̀, torí òun ló mọ ẹni tó jẹ mí lówó àti iye tó jẹ, òun ló ń bá mi yẹ alẹ́ẹ̀tì wò bóyá fèkè ni, àwọn oníbàárà mi kan ń béèrè ẹ̀ kí wọ́n tó kí mi. Gbogbo ariwo ewu ojú ọ̀nà tí mò ń pa yẹn, tẹ́ ẹ bá bó èèpo ẹ̀, ọmọ ọjà mi ni n ò fẹ́ kó lọ. Ojú tì mí, mo wá ń bínú sí i torí pé ojú tì mí. Mo pe dádì ẹ̀ pé kí wọ́n bá mi dá sí i. Mẹkáníìkì ni ọkọ mi, inú ariwo ẹ́ńjìnnì ni wọ́n wà, wọn kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló fẹ́ lọ jókòó ní kíláàsì ọ̀hún?" Wọ́n pa fóònù.

A padà wọlé. OAU lọmọ káfé yẹn tẹ̀.

N ò ní fi ìyókù dá yín lágara. JAMB dáa, WAEC dáa, ó lọ ṣe Post-UTME tí àwọn yunifásítì ti ń ṣe láti 2005, ó dúró, ó dúró, títí admission fi jáde lórí CAPS, ibi tí JAMB ti ń fi admission hàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ gbọ́dọ̀ tẹ accept níbẹ̀ o, ẹ má rò pé tórúkọ bá ti jáde ó parí. Ti ìwé ni kẹ́ ẹ mójú tó: ìwé ọjọ́ ìbí, WAEC, admission letter, lẹ́tà káńsù, pásípọ́ọ̀tù, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀ rẹpẹtẹ. Ọ́fíìsì kan wà tí n ò ní dárúkọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dé ibẹ̀ nítorí lẹ́tà ojú ewé kan, ọjọ́ àkọ́kọ́ ẹni tó máa sáìnì ò wá, ọjọ́ kejì ó wá ṣùgbọ́n ó ti lọ jẹun, ọjọ́ kẹta mo gbé oúnjẹ tèmi dání mo sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Wọ́n sáìnì.

Owó ńkọ́? Àjọ tí mo kó la fi san tọdún yìí. Mo sọ fún ọkọ mi nípa NELFUND, owó tí ìjọba ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, pé kò lélé, pé ilé ìwé gan-an ni wọ́n máa san owó ilé ìwé fún, tí wọ́n á tún máa fún ọmọ ní 20,000 náírà lóṣù láti fi jẹun, pé ó di ọdún méjì lẹ́yìn tó bá ṣe agùnbánirọ̀ tán kí wọ́n tó ní kó máa san án padà. Wọn ò fẹ́ gbọ́ gbèsè sétí. Èmi tí mo ti gba gbómúléláńtà rí, tí wọ́n wá jókòó dè mí ní ìsọ̀ láàárọ̀ kùtù, mo mọ gbèsè, èyí tí ò lélé yẹn ò jọ ọ́. A ṣì ń bá ọ̀rọ̀ ẹ̀ bọ̀. Àwọn kan ní ṣé ẹ̀rù ASUU ò bà wá ni, pé ká wá ti aládàáni. Ó kúkú bà wá. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin wà ní yunifásítì ìjọba nígbà tí wọ́n dáṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022, láti February títí wọ October, oṣù mẹ́jọ, ó jókòó tì wá títí ó fi lọ kọ́ṣẹ́ bábà, ó sì wá mọ irun gẹ̀ ju ìwé lọ. Ṣùgbọ́n owó aládàáni, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀.

Ẹrù dídì gan-an la ti ṣeré. Mo wọn gààrí kóńgò márùn-ún, ìrẹsì mẹ́rin, ẹ̀wà méjì, ẹ̀wà yẹn òun fúnra ẹ̀ ló dì í. Mo gbé èlùbọ́ jáde, ó ní rárá, ta ló fẹ́ máa rokà ní hostel. Mo ní ọmọ Ìbàdàn tí ò mú èlùbọ́ lọ àjò, kí ni wọ́n á fi dá a mọ̀? Nígbà tó wọ bálùwẹ̀, mo tì í sábẹ́ aṣọ nínú Ghana-must-go.

Ó wá kan korobá. Mo fẹ́ fi kútẹ́ẹ̀sì kọ orúkọ sí i, ó ní kútẹ́ẹ̀sì á bó, pé wọ́n ní kéèyàn fi iná kọ ọ́. Dádì ẹ̀ tí ò tíì sọ ọ̀rọ̀ kan látàárọ̀ bá dìde, wọ́n wá ìṣó kan, wọ́n fi púláyà dì í mú, wọ́n gbé e sórí gáàsì títí ó fi pọ́n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ ọ́ sára korobá, díẹ̀díẹ̀, ahọ́n yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu bíi ti ọmọ nọ́sírì, oorun rọ́bà gba gbogbo kíṣìnì. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tóbi bí ọwọ́ mi. Nígbà tí wọ́n fi dé ìkẹrin, wọ́n ti kan ibi tí irin ọwọ́ ẹ̀ ti wọlé, ààyè tán. ANIK ló wà lára korobá yẹn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, Àníkẹ́ fojú sọ fún mi pé kí n má dán an wò.

Aago mẹ́fà àárọ̀ la gbéra, Ìwó Road, Ẹ̀gbẹ́dá, Àsèjirè. Ní Ìkirè a dúró ra dòdò, ẹ mọ̀ pé èèyàn kì í gba Ìkirè kọjá kó má ra dòdò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti rọ̀ pátápátá, ata, epo pupa, ó dúdú mìnìjọ̀. Àníkẹ́ ò jẹ ẹ́. Ó ń bi ìyá tó ń tà á léèrè pé ọjọ́ mélòó ló lè lò kó tó bàjẹ́, pé ṣé epo ni ò jẹ́ kó tètè bàjẹ́ ni àbí ata. Ìyá yẹn ní, "Ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi ni?" Inú mọ́tò ni mo wà tí mò ń wò ó. N ò tíì rí i kó béèrè nǹkan kan báyẹn nípa nọ́ọ̀sì rí láyé ẹ̀.

Ní hostel, bẹ́ẹ̀dì òkè ló mú. Mo fẹ́ bá a tẹ́ ẹ, ó ní "Mọ́mì, ẹ fi sílẹ̀, ẹ ṣé." Ó tú Ghana-must-go, ó rí èlùbọ́, kò sọ nǹkan kan, ó kàn gbé e, ó bá mi gbé e padà sínú mọ́tò. Òun lèmi àti ọkọ mi fi ro àmàlà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Wọn ò béèrè pé báwo ló ṣe padà wálé.

Àná Sátidé ni ọjà àkọ́kọ́ tí mo máa dá ná. Mo ti gba alẹ́ẹ̀tì fèkè kan kó tó di ọ̀sán, ẹ má bi mí ní iye ẹ̀. Nígbà tó yá, oníbàárà kan dé, ó fẹ́ ẹ̀wà olóyin kóńgò mẹ́fà, èyí tó wà nínú abọ́ ò tó. Ó rí kẹ́ẹ̀gì méjì lábẹ́ tábìlì, ó ní àbí ẹ̀wà kọ́ nìyẹn. Mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Pépà wà lára ẹ̀, ìwé ọwọ́ Àníkẹ́, déètì ọjọ́ tó ku ọ̀la kó lọ ló wà lókè, ó wá kọ sábẹ́ ẹ̀ pé, "Mọ́mì, ẹ má ṣí i títí n ó fi dé." N ò tiẹ̀ mọ ìgbà tó ṣe é.

Mo ní kó lọ wò ó lọ́dọ̀ ẹni tó wà níwájú, pé ìyẹn kì í ṣe títà.