Ọdún tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mi wọ Paris

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Mo ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n ìwé ìtàn àròsọ kejì tí mò ń kọ nípa obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, torí òun ló gba gbogbo ọkàn mi.

Ẹni tó ka ti àkọ́kọ́ mọ̀ pé Kétu wa níbí, ní Benin, ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ìdílé kan. Obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wa mú olè, àmọ́ ère ti kọjá òkun. Nínú ìwé kejì, ó wá a dé Paris. Nílé, bó bá kan ilẹ̀kùn, wọ́n á ṣí i. Ní Faransé, kò láṣẹ láti mú ẹnikẹ́ni. Interpol pàápàá, àjọ tó so àwọn ọlọ́pàá àgbáyé pọ̀, kì í fúnra rẹ̀ mú èèyàn, ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe é. Ó di dandan kó lọ bá àwọn ọlọ́pàá Faransé tó ń rí sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n jí, wọ́n sì bi í pé: fọ́tò rẹ̀ dà? Ohun tí kò bá ṣeé dá mọ̀ dájú kì í wọ inú àkójọ ohun tí wọ́n jí tó wà lọ́wọ́ Interpol.

Kò sí fọ́tò. Ibẹ̀ ni ìwé náà dúró sí, títí mo fi lọ bá bàbá gbẹ́nàgbẹ́nà kan ládùúgbò wa. Mo ní, "Bàbá, báwo lẹ ṣe lè dá ère yín mọ̀ láàárín ọgọ́rùn-ún?" Wọn ò tilẹ̀ wo ojú ère. Wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n ní kí n ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ojú ọ̀bẹ wọn ṣì wà níbẹ̀, àfi ibi tí orí àwọn tó ń gbé e ti ń kàn, ibẹ̀ ti dán. Ihò kan tí wọ́n ń so aṣọ mọ́ létí rẹ̀ ti ya. Bàbá ní, "Ẹni tó jí i lè fi ọ̀dà tuntun kun ojú rẹ̀. Inú ńkọ́?"

Inú ère tí wọ́n jí ni ẹjọ́ inú ìwé náà dá lé báyìí.

Lọ́dún 2021, Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 ti ààfin Abomey padà fún Benin, gbogbo ayé gbọ́. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n ère ìdílé kan ní Kétu, ta ni yóò pariwo fún un? Torí ìyẹn ni mi ò fi lè fi obìnrin yìí sílẹ̀.

Ó ku àwọn orí tó kan kóòtù. Bí ọdún bá yí, mo ń lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) lọ bá àwọn lọ́yà, kí wọ́n là á yé mi bí ìjọba ṣe ń béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà.