Orí ilẹ̀ lowó ń lọ

Ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ lẹ́yìn mi lónìí, níbi tá a ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfúrufú, ò tíì kúrò létí mi. Èmi kọ́ ló ń bá wí o, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún: "Mo sanwó kí n lè fò, wọ́n ní kí n máa rìn nílẹ̀." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò kàn jáde lẹ́nu tèmi ni.

Torí òótọ́ ni nǹkan tó sọ. Mítà Hobbs, aago inú ọkọ̀ tó ń ka wákàtí tá à ń sanwó fún, ò mọ̀ bóyá òkè lẹ wà àbí ilẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá ti tan ó ti ń kà nìyẹn, kódà kẹ́ ẹ dúró gbagidi tẹ́ ẹ kàn ń retí kí táwà, àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní pápá, dá yín lóhùn. Èyí tó tún wá ká mi lára ni pé ìgbà tí ọkọ̀ bá kọ́kọ́ mira láti lọ fò ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka flight time, ìyẹn wákàtí fífò, tó bá jẹ́ taxi lásán, ìyẹn kẹ́ ẹ fi ọkọ̀ rìn nílẹ̀, lẹ jáde lọ ṣe, tẹ́ ò gbèrò àtifò, kò sí nínú ẹ̀. Owó lọ, logbook tá à ń kọ wákàtí fífò sí ò gbọ́.

Lónìí: afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, a ò fò, a fi Cessna 172, ọkọ̀ òfúrufú kékeré tá a fi ń kọ́ṣẹ́, rìn yíká nílẹ̀, a padà sílé.

Ẹsẹ̀ ni wàhálà mi, torí pẹ́dàlì tá à ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ló ń darí ọkọ̀ nílẹ̀. Lónìí ẹsẹ̀ ń darí, ọwọ́ tún ń bá afẹ́fẹ́ jà: tó bá ń fẹ́ bọ̀ látiwájú lápá òsì, ẹ yí yoke, ìyẹn ọwọ́ ìdarí ọkọ̀, sọ́dọ̀ ẹ̀, tó bá yí sẹ́yìn, ẹ yí i kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ sì tì í síwájú. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi ò sọ nǹkan kan fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, tí òun bá sì ti dákẹ́, mò ń ṣe é dáadáa nìyẹn.

Inú mi dùn díẹ̀ nígbà yẹn ṣá. Àmọ́ "wọ́n ní kí n máa rìn nílẹ̀", ó tún dé.

Mo wá rántí pápá ọkọ̀ òfúrufú Linate, ní Milan, lórílẹ̀-èdè Ítálì, lọ́dún 2001. Kùrukùru bolẹ̀, jẹ́ẹ̀tì kékeré kan gba taxiway, ìyẹn ọ̀nà tí ọkọ̀ ń rìn nílẹ̀, tí kì í ṣe tiẹ̀, ó já sórí runway níbi tí ọkọ̀ ńlá ti ń sáré bọ̀ láti gbéra. Èèyàn 118 ló kú. Ìrìn ilẹ̀ náà nìyẹn o. Mi ò tiẹ̀ mọ ìdí tí mo fi ń kọ èyí, kì í kúkú dá owó padà sápò èèyàn.

Ká sòótọ́, gbogbo ẹ̀ kọ́ ló nílò ẹ́ńjìnnì. Mo lè tẹ́ máàpù pápá sórí tábìlì, kí n máa fìka tọ ọ̀nà, kí n máa ka ọ̀rọ̀ táwà padà sókè, kí n mọ ibi tí ìlà méjì tí ò gé wà níwájú runway, tí mi ò gbọdọ̀ kọjá láìgbàṣẹ. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹsẹ̀ ni ò ṣeé kọ́ lórí tábìlì, ẹsẹ̀ yìí náà ló sì máa mú ọkọ̀ tọ́ nígbà tí táyà bá kanlẹ̀. Ìyẹn ni mo máa sanwó fún. Inú á máa bí mi, màá sì máa san án.

Wọ́n ní afẹ́fẹ́ á rọlẹ̀ lọ́la. Ẹ jẹ́ n lọ wá máàpù yẹn.