Ẹ Wo Kànga Kí Ẹ Tó Wo Yàrá

Ẹni tó bá fẹ́ fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ l'Ékòó, kó kó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti máa fi owó díẹ̀ gbé ayé ìrọ̀rùn, iye owó ilé ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Omi ló yẹ kó bèèrè. Ilé tí owó rẹ̀ ò wọ́n, tí kànga rẹ̀ ń gbẹ, owó tí ẹ rò pé ẹ jèrè níbẹ̀, àwọn tó ń ta omi ni yóò gbà á lọ́wọ́ yín títí òjò yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa. Tó bá wá jẹ́ pé láfún ṣíṣe lẹ fẹ́ fi rọ́pò owó oṣù, kànga yẹn ló máa sọ bóyá ẹ máa jèrè.

Àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ agbègbè yìí. Inú ilẹ̀ tó bo àpáta náà àti ojú ibi tó ti sán lomi máa ń sá sí, ìdí nìyẹn tí kànga méjì fi lè wà ládùúgbò kan náà kí ọ̀kan lómi, kí ìkejì máa gbé ẹrẹ̀ jáde. Nínú oṣù Kẹsàn-án, gbogbo wọn ló máa ń kún, ẹ ò lè mọ èyí tó dáa. Oṣù Kẹta ni kí ẹ lọ wolé. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi kan ìsàlẹ̀ kànga, ẹ fà á sókè, kí ẹ wọn ibi tó tutù lára okùn. Tí kò bá tó mítà kan, tí ìdílé mẹ́rin sì jọ ń pọn ọ́n, ẹrẹ̀ ni ẹni tó bá pẹ́ jí máa bá níbẹ̀. Ẹ wá fa korobá 10 léraléra, ẹ dúró fún wákàtí kan, kí ẹ tún un wọ̀n. Tí omi ò bá tíì padà sí ibi tó wà, ẹ wá ilé mìíràn lọ.

Ajẹ́ǹtì ò ní sọ èyí fún yín. Ìyá tó ń tajà níwájú ilé ló mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ́kọ́ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn, kí ẹ wá bi wọ́n pé: "Ẹ kú ọjà o, Mà. Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ṣé kànga ilé yìí máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn?"

Ẹ wo ibi tí sokawéè wà pẹ̀lú. Ó dáa kó tó mítà 30 sí kànga, kó sì wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀. Láàárín ìlú tí ilé ti fún mọ́ra, ẹ ò ní sábà rí irú àyè bẹ́ẹ̀, ẹ má mu omi ibẹ̀ láìsè. Tó bá jẹ́ kànga dẹ̀rọ ni, ẹ bèèrè ẹni tó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ nígbà tí kò bá síná.

Ẹnìkan ò ní lò ju kẹ́ẹ̀gì 25 lítà méjì lọ lóòjọ́ tó bá ń ṣọ́ omi lò. Ẹni mẹ́rin nínú ilé, 200 lítà nìyẹn, táǹkì 1,000 lítà á gbé wọn fún ọjọ́ márùn-ún. Òjò lè kún un fún yín: mìlímítà òjò kan lórí páànù tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan ni. Páànù tó tó 80 irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀, tí òjò mìlímítà 20 rọ̀ lé lórí, 1,600 lítà ni, kódà tí díẹ̀ bá ṣòfò, táǹkì kún. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ ṣan eruku ọyẹ́ kúrò lórí páànù ná, kí ẹ tó gbé nǹkan sí i.

Nítorí náà, ẹ ta ẹ̀rọ ìfọṣọ s'Ékòó. Dúrọ́ọ̀mù oníke tó ní ìdérí ni kí ẹ rà, èyí tí wọn ò rọ kẹ́míkà sí rí, kí ẹ di aṣọ àti ìwé sínú rẹ̀. Àpótí ìkẹ́rù ni lójú ọ̀nà, ìkómisí ni tẹ́ ẹ bá délé. Ẹ gbé fìríìjì lóòró nínú ọkọ̀. Tí wọ́n bá tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ nà án ró fún odidi ọjọ́ kan kí ẹ tó tanná sí i, torí òróró inú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ á ti sá wọ inú páìpù.

Láfún wá ń kọ́? Kílò 100 ẹ̀gẹ́ tí ẹ ti bó gba bíi 100 lítà omi láti fi rẹ ẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gba iye kan náà láti fi fọ̀ ọ́: omi ilé ẹlẹ́ni mẹ́rin fún odindi ọjọ́ kan. Kílò láfún tí yóò ti ibẹ̀ jáde kò ní ju bíi 25 sí 30 lọ. Ibi tó le nìyí: ìgbà ọyẹ́ ló máa ń tètè gbẹ, tó máa ń funfun, ìgbà náà gan-an ni kànga ń fà sẹ́yìn. Ìgbà òjò, omi pọ̀, ṣùgbọ́n oòrùn ò dúró, láfún á bu, á di dúdú. Oṣù Kọkànlá sí Kejìlá ló dáa jù, nígbà tí òjò ti lọ tí kànga ò sì tíì lọ sílẹ̀ púpọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin ni kó fi wà nínú omi kó fi rọ̀, kí oró inú rẹ̀ lè jáde. Orí tapólì mímọ́ tó ga kúrò nílẹ̀ ni kí ẹ sá a sí, kì í ṣe etí títì tí eruku mọ́tò ti ń bà á. Omi tí ẹ dà nù lára rẹ̀ kan, ó sì ń rùn, ẹ má dà á sí tòsí kànga. Ẹ gbẹ́ kòtò fún un ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀, jìnnà sí ilé aládùúgbò.